Àǹtí Òdiwọ̀n àti Sáfà Kẹjọ

Bí ẹ bá dé ọsibítù yẹn, tí ẹ fi orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ béèrè obìnrin tó ń bójú tó yàrá kọ̀ǹpútà, ẹ ó pẹ́ lórí ìdúró. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Àǹtí Òdiwọ̀n lẹ ń wá, kódà ẹni tó ń nu ilẹ̀ á fi igi ìnulẹ̀ júwe ọ̀nà fún yín. Kì í ṣe èébú o. Obìnrin náà ni kì í jáde nílé láìmú tépù dání. Á wọn ẹnu ọ̀nà kó tó ra àga, á wọn àga kó tó ra tìmùtìmù, á tún wọn tìmùtìmù náà nílé bóyá ẹni tó tà á purọ́. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, máa ń sọ pé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí òun wá kí i nílé bàbá rẹ̀, kò tíì dáhùn ìkíni òun tó fi sọ pé, "Ẹ rọra o, ẹ ga ju ilẹ̀kùn wa lọ." Télọ̀ ní ọjọ́ yẹn lòun ti mọ̀ pé òun ti ríyàwó.

Yàrá iṣẹ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò eegun. Ó tutù bí inú fìríìjì, ariwo rẹ̀ kì í sì í dáwọ́ dúró. Nínú kọ́bọ́ọ̀dù onírin kan tó ga ju èèyàn lọ, sáfà mẹ́ta jókòó léra wọn lórí, iná wéwé ń ṣẹ́jú lára wọn. Sáfà yìí, kọ̀ǹpútà náà ni, àmọ́ kò lójú, kò lẹ́nu. Iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju kó gbé fáìlì àwọn aláìsàn pamọ́, kó sì gbé e fún dókítà wéré nígbà tó bá béèrè. Àǹtí Òdiwọ̀n máa ń wọ súwẹ́tà méjì tì wọ́n, lóòrùn, lójò. Sára ilẹ̀kùn, ó fi yíǹkì pupa kọ ọ́ sórí páálí pé ÌWỌ̀N EKU NI ÌWỌ̀N ÌTẸ́. Ẹni tó bá gbé ohunkóhun wá síbẹ̀ tí kò lè sọ bó ṣe ga, bó ṣe wúwo àti iye iná tó máa jẹ, á gbé e padà ni.

Ọdún mẹ́ta gbáko ló ti ń ṣe adelé ọ̀gá níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti ṣe adelé rí, ẹ mọ ohun tí mò ń wí: gbogbo wàhálà ọ̀gá, láìsí àga ọ̀gá. Tí nǹkan bá bàjẹ́, ìwọ ni wọ́n ń pè. Tí wọ́n bá fẹ́ pe àwọn ọ̀gá sí ìpàdé, wọ́n á ní yàrá kọ̀ǹpútà ò tíì ní ọ̀gá. Nígbà tó yá, Dókítà Àgbà tó ń darí ọsibítù náà ránṣẹ́ sí i. Obìnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í gùn ni. "Fáìlì ti pọ̀ ju sáfà mẹ́ta lọ," ó ní. "Kọ ètò tuntun wá. Bí ìgbìmọ̀ bá gbà á, ọjọ́ yẹn náà la máa dìbò lórí ipò ọ̀gá. Bí wọn ò bá gbà á, a máa mú ẹlòmíràn wá láti ìta." Ọ̀rọ̀ náà wọ Àǹtí Òdiwọ̀n lára. Ipò yẹn wù ú dénú eegun, kò sì ṣe ojú ayé nípa rẹ̀. Nígbà tó délé, ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé bí wọ́n bá gbé e fún ará ìta, òun ò mọ ojú tí òun máa fi wò wọ́n.

Ohun tó fẹ́ ṣe ni pé kó so sáfà púpọ̀ pọ̀ di agbo kan, kí gbogbo wọn máa ṣiṣẹ́ bí ẹni pé ẹyọ kan ni wọ́n. Bí ọ̀kan bá ṣàìsàn, àwọn yòókù á gbé ẹrù rẹ̀. Àjèjé ọwọ́ kan ṣáà ni kì í gbẹ́rù dórí. Àmọ́ agbo yìí lófin o. Ìwé àwọn tó ṣe irú ètò agbo bẹ́ẹ̀ sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ ju mẹ́jọ lọ. Ó tún sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè ara wọn, torí ohun tí èyí tó gbó jù nínú wọn ò bá lè ṣe, àwọn yòókù náà ò ní ṣe é. Ṣé ẹ ti rí i tí mọ̀lẹ́bí bá ń rìn lọ síbì kan? Ẹsẹ̀ ìyá àgbà ni gbogbo wọn ń bá rìn.

Mẹ́ta wà nílẹ̀, ó fẹ́ kí wọ́n ra márùn-ún kún un. Mẹ́jọ géérégé. Méjì nínú àwọn ti tẹ́lẹ̀ bá àwọn tuntun mu dáadáa. Ìkẹta, tí wọ́n ń pè ní Màmá Àgbà, ìlà tó kẹ́yìn pátápátá ni orúkọ irú rẹ̀ wà nínú ìwé àwọn tó lè wọ agbo, díẹ̀ ló kù kí wọ́n tì í síta. Òun ni Àǹtí Òdiwọ̀n fọwọ́ ara rẹ̀ gbé wọlé lọ́sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn. Ó máa ń kí i láràárọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà ní nǹkan tí ẹ ń kí. Ìfẹ́ ò jẹ́ kó yọ ọ́, ó kà á mọ́ wọn, mẹ́jọ pé. Ó ní kí mẹ́rin wà ní ilé àtijọ́, kí mẹ́rin wà ní ilé tuntun tó wà lódìkejì àgbàlá, kí wáyà kan gba abẹ́ ilẹ̀ so wọ́n pọ̀.

Obìnrin yìí wá ní àṣà kan tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ káàkiri ọsibítù. Kò sí ètò tó máa kọ tí kò ní kọ́kọ́ fi èèyàn dán wò. Á pe àwọn òṣìṣẹ́ tó bá ráyè jáde sí àgbàlá, á fi páálí tó ní nọ́ńbà kọ́ wọn lọ́rùn, á na okùn láàárín wọn, oníkálukú á di sáfà. Eré okùn ni wọ́n ń pè é. Dírẹ́bà ọkọ̀ aláìsàn fẹ́ràn rẹ̀ ju oúnjẹ lọ. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, òjò fi ọjọ́ mẹ́ta rọ̀, Dókítà Àgbà sì ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé lòun fẹ́ rí ìwé. Àǹtí Òdiwọ̀n ní, "Mo ti wọ̀n ọ́n délẹ̀, kí ló tún kù?" Ó gbé ìwé lọ láìṣe eré okùn. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, òun sì ti ki ẹnu bọ̀ ọ́. Dókítà Àgbà buwọ́ lù ú lójú ẹsẹ̀, ó wá ku kí ìgbìmọ̀ gbà á lọ́jọ́ Ẹtì.

Lọ́jọ́rú, oòrùn ràn. Ara rẹ̀ ò gbà á kó fi eré náà sílẹ̀, ló bá pe àwọn èèyàn rẹ̀ jáde lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Mẹ́rin dúró lábẹ́ bàràǹdà ilé àtijọ́, mẹ́rin dúró níwájú ilé tuntun, okùn nà láàárín wọn. Màmá Kíṣìnnì, àgbà obìnrin tó ń dáná fún àwọn aláìsàn, ló gbé nọ́ńbà karùn-ún kọ́rùn, aṣọ ìdáná ṣì wà ní ìdí rẹ̀. Òfin eré náà ò le: bí o bá ń gbọ́ ohùn àwọn tó ju ìdajì agbo lọ, ìwọ alára mọ́ ọn, máa kọ̀wé lọ. Bí o ò bá gbọ́ wọn, gbé bírò sílẹ̀ kí o dúró, torí ó lè jẹ́ ìwọ lo sọnù. Bí kò bá sí òfin yẹn, apá méjèèjì á máa kọ ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nípa aláìsàn kan ṣoṣo, ìyẹn sì léwu. Nínú ẹni mẹ́jọ, ó gbọ́dọ̀ pé márùn-ún kó tó ju ìdajì.

Wọ́n ń pe nọ́ńbà ara wọn, wọ́n ń kọ̀wé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àǹtí Òdiwọ̀n kígbe pé, "Wáyà já!" ó sì ju okùn sílẹ̀.

Bírò mẹ́jọ balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn apá ìhín ń wo àwọn apá ọ̀hún. Dírẹ́bà fọwọ́ họ orí. "Àǹtí, ṣé eré ti parí ni?"

"Kò tíì parí. Ẹ máa kọ̀wé."

"Kí ta ló máa kọ ọ́?" Màmá Kíṣìnnì bi í. "Ìwọ lo ní ká máà kọ nǹkan kan tí a ò bá tíì gbọ́ ohùn ẹni márùn-ún. Àwa mẹ́rin rèé, àwọn mẹ́rin nìyẹn. Ta ló wá fẹ́ ṣe ìkarùn-ún?"

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ti yé Àǹtí Òdiwọ̀n. Lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni bá fi ṣọ́bìrì gé wáyà abẹ́ ilẹ̀ yẹn, gbogbo fáìlì ọsibítù pátá ló máa dúró gbagidi. Ara sáfà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ á le koko, kò sì ní sí ọ̀kan tó máa ṣiṣẹ́. Òun tó ń wọn tìmùtìmù, ó wọn gbogbo rẹ̀, kò wọn èyí.

Ó ní kí gbogbo wọn máa lọ, pé wọ́n ṣeun. Màmá Kíṣìnnì ò lọ. Ó yọ páálí lọ́rùn, ó wo ojú rẹ̀. "Ó burú ni?"

"Ó burú, Màmá. Wọ́n sì ti buwọ́ lù ú."

"Ta ló tún mọ̀?"

"Èmi àti ẹ̀yin."

"Èmi?" Màmá Kíṣìnnì ti yí padà, ó ń lọ. "Èmi ò mọ nǹkan kan o. Ìkòkò ni mo mọ̀. Ohun tí o bá fẹ́ ṣe, ọwọ́ rẹ ló wà."

Bó ṣe délé ní ìrọ̀lẹ́, ó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ ọkọ rẹ̀, ó rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Télọ̀ ò dáwọ́ iṣẹ́ dúró. "Wáyà ọ̀hún, ìgbà mélòó ló ń já?"

"Bóyá ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún mẹ́ta."

"Ṣé o rí i! Nígbà yẹn o ti di ọ̀gá, wàá kàn ní àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ ló jẹ̀bi."

Ó wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Télọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Mò ń dán ọ wò ni, má fi ojú yẹn jẹ mí. Gbọ́ mi. Bí mo bá rán ṣòkòtò fún èèyàn, tí mo wá mọ̀ pé ìdí rẹ̀ máa ya lọ́jọ́ kan, ó lè tó ọdún mẹ́ta kó tó ya. Àmọ́ gbogbo ìgbà tí mo bá rí ọkùnrin yẹn tó fẹ́ jókòó, ẹ̀rù ni yóò máa bà mí. Ṣé ayé nìyẹn?"

Ẹ̀rín pa á, lẹ́yìn náà ló sunkún. "Ipò yẹn wù mí," ó ní. "Wọ́n á ní mi ò mọ iṣẹ́."

"Wọ́n lè wí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́," ọkọ rẹ̀ fèsì, ó sì fún un ní àjákù aṣọ kan pé kó fi nujú.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó dé, ó ti wà lẹ́nu ọ́fíìsì Dókítà Àgbà. Ó sọ ọ́, kò fi bò, kò da ẹ̀bi ru òjò. Dókítà Àgbà yọ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Ìwé tí mo ti buwọ́ lù?"

"Òun náà ni, mà."

"Mélòó lo wá fẹ́ báyìí?"

"Méje, mà. Mẹ́rin níhìn-ín, mẹ́ta lọ́hùn-ún. Wáyà ì báà já, mẹ́rin á ṣì ju ìdajì lọ."

"Wọ́n gba mẹ́jọ láàyè, o ní o fẹ́ méje." Ó mi orí. "Èwo ló ń lọ?"

"Màmá Àgbà ni, mà. Bó bá wà nínú agbo, ọwọ́ àwọn tuntun ò ní yá ju tirẹ̀ lọ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ojú àánú ni mo fi wò ó."

Dókítà Àgbà wọ gíláàsì rẹ̀ padà. "Èmi ò ní bá ọ sọ ọ́ o. Ẹnu ara rẹ ni wàá fi sọ fún ìgbìmọ̀ lọ́la pé o ṣe àṣìṣe."

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín nípa Bàbá Jẹnẹrétọ̀, ẹni tí gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù nínú ìgbìmọ̀ náà. Ọgbọ̀n ọdún ló fi tọ́jú jẹnẹrétọ̀ ọsibítù kó tó fẹ̀yìn tì, ariwo ẹ̀rọ náà sì ti bá ohùn rẹ̀ gbé, kò lè sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ mọ́. Bí Àǹtí Òdiwọ̀n ṣe parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, bàbá náà gbé ìwé méjèèjì sókè. "Lọ́jọ́ Ajé, mẹ́jọ. Lónìí, méje. Tó bá di ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ṣé ká máa retí mẹ́fà?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. "Àwọn àgbà ní ká rìn ká pọ̀, yíyẹ níí yẹni. Ta ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ dín ara rẹ̀ kù?"

Àǹtí Òdiwọ̀n ò bá a jiyàn. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n bá òun dé àgbàlá fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó mú méjì nínú wọn, ó fi Màmá Kíṣìnnì, dírẹ́bà àti òṣìṣẹ́ mẹ́ta mìíràn kún un, ó gbé páálí kẹjọ kọ́ Bàbá Jẹnẹrétọ̀ fúnra rẹ̀ lọ́rùn. Ó na okùn, ó ju okùn sílẹ̀. Gbogbo wọn dúró bí ère.

"Ẹ ṣiṣẹ́ kẹ̀!" Bàbá Jẹnẹrétọ̀ pariwo sí àwọn apá ọ̀hún.

"Ẹ̀yin náà ẹ ṣiṣẹ́!" dírẹ́bà dá a lóhùn láti ibẹ̀.

Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan. Àǹtí Òdiwọ̀n rìn lọ bá bàbá náà, ó rọra yọ páálí lọ́rùn rẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú, ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan." Ó tún eré náà ṣe. Okùn balẹ̀, mẹ́ta gbé bírò sílẹ̀, mẹ́rin ń kọ̀wé lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Nígbà tó gbé okùn padà, àwọn mẹ́ta da ohun tí àwọn mẹ́rin ti kọ kọ, wọ́n sì jọ ń bá a lọ.

"Bí iná ilé tí mẹ́rin wà bá kú pátá ńkọ́?" Bàbá Jẹnẹrétọ̀ béèrè. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀ díẹ̀.

"Nígbà yẹn, èèyàn ló máa fọwọ́ sọ fún àwọn mẹ́ta pé kí wọ́n máa bá iṣẹ́ lọ, sà. Mi ò ní purọ́ fún yín pé wọ́n á ṣe é fúnra wọn."

Wọ́n wọlé padà, gbogbo wọn sì fọwọ́ sí sáfà méje láìjanpata. Ọ̀rọ̀ ipò ọ̀gá ló wá kù. Wọ́n ní kí Àǹtí Òdiwọ̀n jáde. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní kọ́rídọ̀, ó ká tépù rẹ̀, ó tú u, ó tún ká a. Ilẹ̀kùn wà ní títì, àmọ́ ohùn Bàbá Jẹnẹrétọ̀ ò mọ ilẹ̀kùn. "Ó mú ìwé tí kò dán wò wá fún wa! Ìkánjú ni! Ẹni tó bá máa jókòó sórí àga yẹn ò gbọ́dọ̀ kánjú!" Àǹtí Òdiwọ̀n mí kanlẹ̀. Òótọ́ ni bàbá náà sọ, òtítọ́ sì korò.

Màmá Kíṣìnnì gbé tíì wọlé fún wọn. Nígbà tó jáde, ó fọwọ́ bo ẹnu. "Ọmọ mi, mẹ́rin nawọ́ sókè fún ọ, mẹ́rin ò nà án. Ẹni kẹsàn-án wọn tó kúrò lóṣù tó kọjá, wọn ò tíì fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Wọ́n jókòó sínú ibẹ̀, wọ́n ń wo ara wọn."

"Dókítà Àgbà ńkọ́?"

"Òun náà ti nawọ́ tirẹ̀. Ọwọ́ kan péré lòfin fún oníkálukú."

Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá. Àwọn méjèèjì wá gbọ́ tí ẹnì kan wọ́ àga nílẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí, Bàbá Jẹnẹrétọ̀ jáde pẹ̀lú kọ́ọ̀pù tíì lọ́wọ́, ó pa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara rẹ̀, ó sì wá jókòó ti Àǹtí Òdiwọ̀n lórí bẹ́ǹṣì.

"Bàbá, wọ́n lé yín jáde ni?" Màmá Kíṣìnnì bi í.

"Ta ló lè lé mi? Èmi ni mo yọ ara mi." Ó mu tíì díẹ̀, ó yíjú sí Àǹtí Òdiwọ̀n. "Mi ò tíì yí ọ̀rọ̀ mi padà o. Mo ní o kánjú, lójú rẹ náà ni mo ti ń wí i. Ṣùgbọ́n àwa mẹ́jọ jókòó bí ère, àwọn aláìsàn wà nísàlẹ̀ tó ń retí iṣẹ́ wa. Ẹnì kan ní láti bọ́ sí ẹ̀gbẹ́."

Nínú yàrá, Dókítà Àgbà ní kí wọ́n tún nawọ́. Kíka ìbò náà ò pẹ́.

"Mẹ́rin sí mẹ́ta," wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀.

Màmá Kíṣìnnì figbe ta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ da abọ́ tíì nù. Bàbá Jẹnẹrétọ̀ gbé kọ́ọ̀pù rẹ̀ sílẹ̀, ó dìde, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn.

"Ọ̀gá, ẹ kú oríire," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká wọlé, wọ́n ń dúró dè yín."